Ogun Àsọtẹ́lẹ̀ Kì í Pa Arọ

Ogun àsọtẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò fara sin: ẹni tó ti gbọ́ pé ogun ń bọ̀ á ti wá ibi forí pamọ́ sí, ìbáà má lè rìn. Ogun ojú òfurufú ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò, nítorí nídìí ìsọ̀ oníwèé ìròyìn ní Bẹẹrẹ, n'Ìbàdàn, ẹni tó bá ní bàálù jù ni wọ́n máa ń gbé ìṣẹ́gun fún. Bàálù tó ń jà yàtọ̀ sí ilé tó ń ṣọ́ra, èyí ẹ̀yìn yìí ló sì sábà máa ń pinnu.

Kí a tó dé ojú òfurufú, ẹ kọ́kọ́ wo odi tí Balógun Ìbíkúnlé mọ yí Ìbàdàn ká ní nǹkan bí ọdún 1858. Ọ̀pọ̀ rò pé láti dá ọ̀tá dúró nìkan ni. Lójú tèmi, iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni pé ó tú àwọn ológun sílẹ̀. Ogun Kírìjì tí wọ́n lọ jà bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ibùdó kò sì tú títí di 1893. Ibẹ̀ ni Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, kú sí ní 1885. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà wà níwájú, Ìlọrin dó ti Ọ̀fà, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú dínà lẹ́yìn. Ta ni ì bá fi Ọjà'ba sílẹ̀ fún ọdún gbọọrọ bẹ́ẹ̀ láìsí odi, yàrà àti oníbodè?

Ní 1940, nígbà tí Jámánì ń fi bàálù ja ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Spitfire ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ayé ń kì, bẹ́ẹ̀ Hurricane, bàálù wọn kejì, ló já bàálù Jámánì lulẹ̀ jù. Àwọn méjèèjì ì bá máa fò kiri lásán ni, bí kì í bá ṣe rédà etí òkun, àti àwọn alóre tó ń wo ojú ọ̀run, tí wọ́n ń tẹ fóònù pé ọ̀tá báyìí ń gba ibi báyìí bọ̀.

Nílé wa ńkọ́? Nígbà ogun Bìáfíra, ìjọba àpapọ̀ ní MiG àti Ilyushin tí wọ́n gbà lọ́dọ̀ àwọn Rọ́ṣíà. Bìáfíra ní ojú títì kan ní Uli, nítòsí Ihiala, tí wọ́n fẹ̀ di pápákọ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, bàálù á dé láti São Tomé tàbí Libreville pẹ̀lú oúnjẹ tàbí ìbọn, á máa yípo lókè nínú òkùnkùn biribiri. Awakọ̀ á bá àwọn ará ìsàlẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọn á tan iná ojú ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀. Táyà á kan ilẹ̀, wọn á paná. MiG kò ríran lóru. Bàálù ìjọba mìíràn máa ń rá bàbà lókè níbẹ̀, ó ń retí iná yẹn kó lè ju bọ́ǹbù. Ó pa èèyàn, ó ba nǹkan jẹ́, síbẹ̀ Uli ò tì. Òwe wa kúkú nìyẹn: arọ ni Bìáfíra lójú òfurufú, ṣùgbọ́n ó mọ wákàtí tí ọ̀tá ń jáde.

Ẹni tó ní bàálù gan-an ni kò ṣọ́lé. Ní 22 May 1969, Carl Gustaf von Rosen, ọmọ Sweden tó ń jà fún Bìáfíra, kó bàálù kéékèèké 5, ó so rọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ wọn lápá, wọ́n fò mọ́ orí igi lọ sí Port Harcourt, wọ́n sì ká bàálù ìjọba mọ́lẹ̀ níbi tí wọ́n gbé e sí.

Ìyẹn náà kò yí ogun padà. Ní January 1970, àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ tí Ọbásanjọ́ ń darí gba Owerri, wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn wọ ojú títì Uli tí bàálù ti ń ju bọ́ǹbù sí láti 1968.