Èdè, Ilẹ̀ àti Ìjọ Àgùdà: Àwọn Ará Póláńdì ní Ìlú Chicago

Bí àwọn òpìtàn bá ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn àjèjì tó tẹ̀dó sí àwọn ìlú ńláńlá Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ àti ọjà ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé, ní Chicago, inú Ìjọ Àgùdà gan-an ni ìjà ti gbóná lórí ohun méjì: èdè tí a ó fi kọ́ ọmọ, àti orúkọ ẹni tí yóò wà nínú ìwé ilẹ̀. Àwọn ará Póláńdì ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ní ìlànà Ìjọ Àgùdà, ẹkùn tí ènìyàn ń gbé ló ń sọ párísì tí yóò máa lọ. Nígbà tí àwọn ará Jámánì, Bòhímíà, Póláńdì àti Ítálì ń ya wọ Chicago, ìlànà yìí nìkan kò tó mọ́. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù gbà kí a dá àwọn párísì kan sílẹ̀ tó jẹ́ pé èdè ló so àwọn ọmọ ìjọ pọ̀, kì í ṣe ààlà ilẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí òǹkàwé béèrè pé, ṣebí Látìnì ni gbogbo wọn fi ń ṣe Mísà nígbà náà? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọn kì í fi Látìnì wàásù fún ìjọ, wọn kì í fi í jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í fi í kọ́ ọmọdé ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́.

Ní 1867 ni àwọn ará Póláńdì dá párísì Stanislaus Kostka Mímọ́ sílẹ̀. Fadá Vincent Barzynski darí rẹ̀ láti 1874 títí di ọjọ́ ikú rẹ̀ ní 1899, párísì náà sì gbòòrò dé bi pé iye ọmọ ìjọ rẹ̀ súnmọ́ 40,000. Ilé ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ aranilọ́wọ́ wà níbẹ̀, ibi ìfowópamọ́ pàápàá wà níbẹ̀. Ní 1890, àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn ojoojúmọ́, Dziennik Chicagoski. Ìlú kékeré kan nínú ìlú ni.

Síbẹ̀, ohùn wọn kò ṣọ̀kan. Lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀ Illinois, bíṣọ́ọ̀bù nìkan ni òfin mọ̀ gẹ́gẹ́ bí onílẹ̀ gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà ní Chicago. Ní párísì Mẹ́talọ́kan Mímọ́, tí kò jìnnà rárá sí ti Barzynski, àwọn kan ní àwọn tó dáwó kọ́lé ló yẹ kó ni ìwé ilẹ̀. Léraléra ni wọ́n ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì náà pa, títí Francesco Satolli, aṣojú Póòpù, fi dá sí ọ̀ràn náà ní 1893. Ní 1895, Fadá Anthony Kozlowski kó àwọn kan jáde kúrò ní párísì Hedwig Mímọ́ láti dá ìjọ tiwọn sílẹ̀. A kò rò pé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ló lé wọn jáde. Ọ̀ràn àṣẹ àti owó ni.

Ọ̀ràn ilé ẹ̀kọ́ ló kàn wá jù, àwa olùkọ́. Ní 1884, àpérò àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Baltimore pàṣẹ kí párísì kọ̀ọ̀kan ní ilé ẹ̀kọ́. Ní 1889, ìjọba Illinois ṣe òfin pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí a fi kọ́ni. Àwọn Àgùdà àti àwọn Lutheran ará Jámánì gbógun tì í, wọ́n sì fagi lé e ní 1893. Ohun tí ìjọba kò rí ṣe, George Mundelein, tó di áàṣíbíṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ lẹ́yìn 1915, ṣe é láti inú ìjọ: ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n fi kọ́ àwọn iṣẹ́ yòókù, ó fi èdè abínibí sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ àti ìwé kíkà. Ọmọ tó ń fi èdè ìyá rẹ̀ gbàdúrà, tó sì ń fi èdè mìíràn ṣírò, kò ní pẹ́ mọ èyí tó níyì jù lójú àwọn àgbà.

Àwọn tó ń sọ èdè Sípáníìṣì láti Mẹ́síkò ló wá gba ipò àwọn ará Póláńdì ní àdúgbò Pilsen. Párísì Adalbert Mímọ́, tí àwọn ará Póláńdì dá sílẹ̀ ní 1874, di ibi ìsìn tiwọn náà. Ní 2019, áàṣíbíṣọ́ọ̀bù ti ṣọ́ọ̀ṣì náà pa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ ìjọ fárígá. Nígbà tí wọ́n wá gbé ère Màríà tó gbé òkú Jésù lẹ́sẹ̀ kúrò níbẹ̀ ní 2022, àwọn ọmọ ìjọ tún dúró lẹ́nu ọ̀nà láti kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n gbé e lọ. Orúkọ wọn kò sí nínú ìwé ilẹ̀.