Ìlà Tí Wọ́n Sọ Di Ọjà



Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọmọbìnrin mi tó ń gbé ní Houston pè mí pé òun àti àwọn ọmọ fẹ́ lọ sí Walt Disney World ní Orlando. Ó ní, "Dádì, ẹ gbọ́ ná. A ò tíì kúrò nílé, a ti ń sanwó ká má baà dúró lórí ìlà." Mo rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé, "Àṣé àwọn náà ti ń ta àyè?" Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé sùn, torí ìtàn wà lẹ́yìn ẹ̀, ìtàn ọ̀hún ò sì jìnnà sí ohun tójú wa ń rí l'Ékòó níbí.

Oṣù July 1955 ni Disneyland ṣílẹ̀kùn ní California. Owó ẹnu ọ̀nà wà lọ́tọ̀, owó ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wà lọ́tọ̀. Kò pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi gbé ìwé tíkẹ́ẹ̀tì jáde, tí wọ́n pín sí A, B àti C. D dé lọ́dún 1956, E sì dé lọ́dún 1959. A ni ti àwọn ohun ìṣeré kéékèèké, E ni ti àwọn tó gbayì jù, irú bí òkè Matterhorn tí wọ́n fi ń sáré wálẹ̀. Bí èèyàn bá ti lo E tó wà nínú ìwé rẹ̀ tán, tó sì tún fẹ́ gùn ún, àfi kó tọwọ́ bọ àpò. Àwọn A ló máa ń ṣẹ́ kù, tí wọ́n á gbé lọ sínú dúróà nílé.

Ẹni tó bá gbé ọmọ lọ sí pápá ìgbafẹ́ Àpápá nígbà tí ibẹ̀ ń dán mọ ètò tíkẹ́ẹ̀tì yìí dáadáa. Ní búsítọ́ọ̀bù Ìjẹ̀ṣà ni a ti máa ń wọ danfo. Kí n tó jáde nílé ni mo ti máa ń pín owó ọwọ́ mi sọ́nà mẹ́ta: ti mọ́tò, ti tíkẹ́ẹ̀tì, ti ẹnu. Ti mọ́tò, mi ò jẹ́ fọwọ́ kàn án. Àwọn ọmọ á wá máa bá ara wọn jà: ṣé kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń yí lókè ni, àbí mọ́tò kéékèèké tó ń kọlu ara wọn? Inú wọn kì í dùn sí i, ṣùgbọ́n ojú gbogbo wa ló ń rí ibi tí owó ń gbà lọ.

Lọ́dún 1982, Disney pa ìwé tíkẹ́ẹ̀tì tì. Ẹ san owó kan lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ gun ohun tó bá wù yín. Ó dà bí inúure. Ṣùgbọ́n iye orí tíkẹ́ẹ̀tì E ló ti ń dín èrò kù nídìí àwọn ẹ̀rọ tó gbayì. Nígbà tí iye yẹn kúrò, àkókò ni èèyàn wá ń fi sanwó. Ìlà wá gùn gan-an. Ìyẹn sì ń pa ilé-iṣẹ́ náà lára, torí ẹni tó dúró sójú kan fún wákàtí kan gbáko ò lè ra fìlà, kò lè jókòó jẹun.

Ibí ni FastPass ti wọlé lọ́dún 1999. Ẹ̀rọ á fún yín ní bébà tí wọ́n kọ aago tí ẹ máa padà wá sí; ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba tálì rí ní ọsibítù, ẹ ti mọ̀ ọ́n: bébà yẹn ló ń bá yín tò. Ẹsẹ̀ yín wá dòmìnira, ìrètí wọn sì ni pé ẹsẹ̀ ọ̀hún á yà sí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn kan yà lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ ló kàn lọ tò sórí ìlà mìíràn! Àga ẹ̀rọ kò pọ̀ sí i, nítorí náà ẹni tí ò ní bébà ló ń pẹ́ sí i.

Láti 2013 ni wọ́n ti wá ń so ẹ̀gbà rọ́bà kan mọ́ ọwọ́ àlejò, MagicBand lorúkọ ẹ̀. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn yàrá òtẹ́ẹ̀lì, òun ló ń di àyè yín mú nídìí ẹ̀rọ, òun náà lẹ fi ń sanwó oúnjẹ. Ẹ ò rí i bí àyè àti àpò ṣe wọ inú ohun kan ṣoṣo! Ẹni tó bá sùn sí òtẹ́ẹ̀lì Disney lè gba àyè sílẹ̀ ní ọgọ́ta ọjọ́ ṣáájú, àwọn yòókù ní ọgbọ̀n ọjọ́. Kò sẹ́ni tó ta àyè fún yín o, òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n tà.

Kòrónà ti gbogbo ẹ̀ pa lọ́dún 2020. Nígbà tí wọ́n padà, ti ọ̀fẹ́ ò padà mọ́. Ní October 2021, dólà 15 ni wọ́n ń gbà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ ní Orlando, wọ́n pè é ní Genie+. Ẹ̀rọ kan tún wà tí owó tiẹ̀ dá wà. Lọ́dún 2024, wọ́n yí orúkọ ẹ̀ sí Lightning Lane Multi Pass. Àwọn onílé-òtẹ́ẹ̀lì ń yan àyè ní ọjọ́ méje ṣáájú, àwọn tó kù ní ọjọ́ mẹ́ta.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé l'Ékòó, ìlà kì í dí owó lọ́wọ́ rárá. Orí ìlà gan-an lọjà wà. Kí epo bẹntiró sáà wọ́n díẹ̀, kí ìlà mọ́tò jáde sí títì, ẹ ó rí oní-gálà, oní-píọ̀-wọ́tà, oníbọ́n-ùn, ẹni tó ń ta ṣájà fóònù. Ká ní ọ̀gá Disney kan dàgbà sí Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ni, kò bá má dààmú láti tú èèyàn sílẹ̀ lórí ìlà; ì bá rán ọlọ́jà lọ bá wọn níbẹ̀.

Ìyàtọ̀ kan wà tí n ò lè gbójú fò. Ọmọ tó ń ta omi fún wa lórí ìlà epo kọ́ ló dá ìlà sílẹ̀. Ní Orlando, ilé-iṣẹ́ tó ń pinnu iye àga tí ìlà lásán á rí náà ló ń ta ọ̀nà àbùjá. Bí ọmọ iléepo bá gba owó ẹ̀yìn kó tó jẹ́ kí mọ́tò kan kọjá wa, olè là ń pè é, ariwo á sì sọ. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ méjèèjì ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Àwọn tọ̀hún kàn kọ iye ẹ̀ sórí fóònù ni, kò sì sẹ́ni tó pariwo.

Ọmọ mi pè padà lálẹ́ ọjọ́ Sunday. Ó ti ṣírò ẹ̀ fún èèyàn mẹ́rin. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n á sanwó àyè, ọjọ́ tó kù wọ́n á tètè jí. Mo ní kó di gúgúrú àti ẹ̀pà dání, torí wọ́n gbà kí èèyàn gbé oúnjẹ wọlé. Ó ní, "Dádì, mo ti dì í."