Ogún Tó Wà Nínú Adé

"Ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá," ni Yorùbá wí. Bí ìgbà ọba kan bá le, òwe yìí ni àgbà fi ń tu ara wọn nínú pé tòmíràn ń bọ̀. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ pé ìgbà kan a máa ti ilẹ̀kùn mọ́ èkejì. Ọba tuntun kì í bá ìtẹ́ lófìfo: ohun tí ẹni àná ṣe, àtèyí tí kò ṣe tán, ti jókòó dè é.

Edward Kejì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní July 1307, lójú ọ̀nà ogun Scotland, gbèsè nǹkan bí £200,000 àti ogun tí kò tán ló jogún. Ní 1314, wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀ ní Bannockburn, ó sì sá lọ.

Ti Àkúrẹ́ kì í ṣe gbèsè. Ẹ̀mí gígùn ni. Ọba Afúnbíowó Adésídà Kìíní gorí ìtẹ́ Déjì, ọba Àkúrẹ́, ní 1897, ó wàjà ní 1957. Ọgọ́ta ọdún gbáko! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tó jọba ti hu ewú kí ó tó gbọ́ orúkọ Déjì mìíràn. Títí dòní, orúkọ rẹ̀ ni òpópónà tó gba Ọjà Ọba kọjá ń jẹ́. Adésídà Kejì, Kẹta àti Kẹrin ló sì jẹ tẹ̀lé e títí di 1999, tí ilé Ọ̀ṣúpá, tí wọ́n jọ ni adé, ń wòran. Bí a bá ka ọba, mẹ́rin ni. Bí a bá ka ìgbà, ó ṣòro kó ju ẹyọ kan lọ.

2005 ló tó kan Ọ̀ṣúpá. Ọba Olúwadáre Adéṣínà, Ọ̀ṣúpá Kẹta, jẹ, ṣùgbọ́n ìjọba ìpínlẹ̀ rọ̀ ọ́ lóyè ní 2010, adé sì padà sílé Adésídà. Ọba Adébíyìí, Afúnbíowó Kejì, kò lò ju ọdún mẹ́ta àti oṣù díẹ̀ lọ lórí ìtẹ́. Nígbà tó wàjà ní 2013, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ọmọba Adétutù, di adelé: ó múra bí ọkùnrin, ó jókòó síbi tí bàbá rẹ̀ ń jókòó, títí Ọba Aládétóyìnbó Aládélúsì fi jẹ ní 2015. Ọ̀dúndún Kejì ni orúkọ oyè tirẹ̀. Ọ̀dúndún àkọ́kọ́ ti jẹ ṣáájú Adésídà, nítorí náà orúkọ yẹn fo ọgọ́rùn-ún ọdún kọjá lọ bá ẹni tirẹ̀.

Ọba kọ̀ọ̀kan sì tún jogún ààfin àtijọ́, tó ní àgbàlá tó lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Inú Uà Ubura ni wọ́n ti ń búra, inú Uà Ìkómọ ni wọ́n ti ń sọmọ lórúkọ. Wọ́n ti kọ́ ààfin tuntun tó tóbi jù ú lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wó ti àtijọ́.

Oǹdó ni ọ̀rọ̀ ti yí bírí. Ìtàn wọn sọ pé obìnrin kan, Púpùpú, ló kọ́kọ́ jẹ Ọṣemàwé, ọba Oǹdó. Airo, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ló jogún adé, láti ìgbà náà ló sì ti di tọkùnrin. Síbẹ̀ ogún Púpùpú kò parẹ́. Àwọn obìnrin Oǹdó ní ọba tiwọn, Lóbùn, pẹ̀lú àwọn Òpójì ìjòyè rẹ̀, títí dòní, Lóbùn gbọ́dọ̀ lọ́wọ́ sí i kí Ọṣemàwé tó dé adé.