Bàtà Dúdú Lábẹ́ Kóòtù: Ìtàn Òfin Kan Tí Wọn Kì í Kọ Sílẹ̀

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, Social Mobility Commission, ìgbìmọ̀ tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ láti máa ṣọ́ bí ọmọ mẹ̀kúnnù ṣe ń rọ́nà débi iṣẹ́ gidi, gbé ìwádìí kan jáde nípa bí àwọn báńkì ìdókòwò London ṣe ń gba òṣìṣẹ́. Alan Milburn ni alága ìgbìmọ̀ náà nígbà yẹn. Ohun tí àwọn ìwé ìròyìn gbé lé orí jù lọ nínú ìwádìí ọ̀hún kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé-ẹ̀rí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ìṣirò. Ọ̀rọ̀ bàtà ni. Lójú àwọn kan nínú àwọn ọ̀gá tó ń gbani síṣẹ́, ọkùnrin tó bá wọ bàtà búráùn sábẹ́ kóòtù ti fi ara rẹ̀ hàn pé òun kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan pé orí rẹ̀ pé, pé ó dáhùn ìbéèrè dáadáa, àmọ́ kò tíì dán tó, àti pé táì rẹ̀ ti pariwo jù. Àwọn àgbà wa sọ pé ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, kò sì sẹ́ni tó máa bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ó yẹ ká béèrè ohun tí ojú onítọ̀hún ń wò nígbà tó bá wo ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Èrò tèmi ni pé òfin bàtà dúdú kò kan ẹwà, kò sì kan ìmọ̀ iṣẹ́. Ìtàn ìlú London ló bí i, ohun tó sì ń wádìí lẹ́sẹ̀ ẹni tó wá wáṣẹ́ ni irú ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà.

Kóòtù ti wà kí òfin yìí tó dé. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1666, Ọba Charles Kejì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé òun fẹ́ dá irú aṣọ tuntun kan sílẹ̀ láàfin, ẹ̀wù àwọ̀lékè pẹ̀lú àwọ̀tẹ́lẹ̀ gígùn. Samuel Pepys kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀. Síbẹ̀ bàtà dúdú kò tíì di dandan. Láàfin Louis Kẹrìnlá ní ilẹ̀ Faransé, gìgísẹ̀ bàtà pupa ni àwọn ọlọ́lá fi ń yangàn. Ìgbà tí George Brummell, tí wọ́n ń pè ní Beau, di àwòkọ́ṣe fún àwọn ọmọ ọlọ́lá London ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni aṣọ ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, tí ìmọ́tótó àti bàtà dídán sì gba ipò wúrà àti léèsì. Lẹ́yìn náà ni ìlú fúnra rẹ̀ parí iṣẹ́ ọ̀hún. Èéfín èédú bo London mọ́lẹ̀, ẹrẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹṣin kún òpópónà. Àbàwọ́n tètè ń hàn lára awọ búráùn, ṣùgbọ́n ìpara dúdú lè bo gbogbo rẹ̀. Èédú egungun, ọtí kíkan, oyin ìrèké àti òróró ni wọ́n fi ń po ìpara náà, òwò ńlá sì ni lásìkò yẹn. Ní ọ̀kan nínú àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe é, ti Warren létí odò Thames, ni Charles Dickens ti ṣiṣẹ́ ní 1824 nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, tó ń lẹ ìwé mọ́ ara ìkòkò ìpara. Ẹni tó bá ń wá ìdí tí bàtà fi dúdú lẹ́sẹ̀ àwọn oníṣòwò àdúgbò City, ibùdó òwò owó ní London, kó kọ́kọ́ wo èéfín àti ìkòkò yẹn.

Ká ní ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí ni, ìmọ́tótó nìkan là bá máa sọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin tó ń darí òwò ní City ní ilé méjì: ilé ìgboro fún ọjọ́ iṣẹ́, ilé oko fún ìsinmi, níbi tí wọ́n ti ń dẹ ìgbẹ́, tí wọ́n sì ń gẹṣin. Bàtà búráùn ni wọ́n ń wọ̀ lóko, wọn kì í wọ̀ ọ́ wọ ìgboro. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá wọ búráùn wá sí City lọ́jọ́ Mọ́ńdè ti fi hàn pé kò mọ ìyàtọ̀ ibi méjèèjì. Báwo ni ọmọ tí yàrá kan ṣoṣo gba òun àti òbí rẹ̀ ṣe fẹ́ mọ ìyàtọ̀ náà? Ìrísí bàtà náà gba irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀. Oxford, tí a rán ibi tí okùn ń gbà mọ́ abẹ́ awọ iwájú kó lè pa dé pinpin, ló wà lókè. Derby, tí etí ibi okùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó bá bàtà ológun tí wọ́n fi orúkọ Blücher, ọ̀gágun ilẹ̀ Prussia, pè tan. Brogue, tí wọ́n lu ihò ọ̀ṣọ́ sí lára, ti inú àbàtà ilẹ̀ Ireland àti Scotland wá, bí ihò rẹ̀ bá sì ṣe pọ̀ tó ni iyì rẹ̀ ń dín kù tó lójú àwọn onígboro. Kò sí èyí tó pa ẹsẹ̀ lára nínú àwọn bàtà wọ̀nyí. Ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá ni wọ́n fi dájọ́ fún un.

Ẹ̀rọ ló sọ òfin náà di líle. Títí di ìdajì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹni tó lówó lọ́wọ́ ló ń wọ bàtà awọ gidi tí a fi ọwọ́ rán dáadáa. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ tí Charles Goodyear Kékeré ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ ní àwọn ọdún 1870 bẹ̀rẹ̀ sí í rán ìsàlẹ̀ bàtà mọ́ òkè rẹ̀. Ní 1883, Jan Ernst Matzeliger, ọmọ ilẹ̀ Suriname tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ènìyàn dúdú, gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà lórí ẹ̀rọ tó ń na awọ mọ́ igi bàtà. Oníṣẹ́ ọwọ́ tó já fáfá máa ń ṣe nǹkan bí 50 bàtà méjì-méjì lójúmọ́. Ẹ̀rọ Matzeliger lè ṣe tó 700. Ìlú Northampton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kún fún iléeṣẹ́ bàtà, ibẹ̀ ni Church's ti bẹ̀rẹ̀ ní 1873. Akọ̀wé kékeré wá lè ra irú bàtà tí ọ̀gá rẹ̀ ń wọ̀. Bí mo ṣe rí i, nígbà tí owó kò lè ya ọlọ́lá sọ́tọ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́, mímọ òfin tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ ló gba iṣẹ́ ìyàsọ́tọ̀ náà.

Àwọn kan á sọ pé àsọdùn nìyí, pé àmì pé ènìyàn ń kíyè sí nǹkan ni bàtà dúdú jẹ́. Bó bá jẹ́ ìkíyèsí là ń wá, bàtà búráùn tí a kùn dáadáa, tí gìgísẹ̀ rẹ̀ kò jẹ, tí okùn rẹ̀ sì mọ́, jẹ́rìí sí i tó ti dúdú. Ní Ítálì, àwọn òṣìṣẹ́ báńkì ń fi búráùn bá kóòtù búlúù lọ, owó àwọn oníbàárà wọn kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ sọnù. Ẹ̀rí tó lágbára jù ni ti ọmọ ọba tó di Edward Kẹjọ. Ní àwọn ọdún 1920, ó wọ bàtà búráùn sábẹ́ kóòtù búlúù, àwọn ènìyàn yanu, kò pẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe bíi tirẹ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ dá wọn lójú lè rú òfin, kí wọ́n sì pè é ní àrà. Ohun kan náà ni wọ́n pè ní àìmọ̀kan lẹ́sẹ̀ ọmọ mẹ̀kúnnù ní 2016. Òfin tí ìjìyà rẹ̀ ń yí padà nítorí orúkọ ẹni tó rú u kì í ṣe òfin ìmọ́tótó.

Ẹlòmíràn á ní ayé ti lajú, pé ọ̀rọ̀ yìí ti di ìtàn. Òótọ́ ni pé báńkì ìdókòwò Goldman Sachs dẹ òfin aṣọ rẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2019, àti pé ìpara bàtà Kiwi, tó bẹ̀rẹ̀ ní Melbourne ní 1906, ti kúrò lọ́jà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí pé àwọn tó ń kun bàtà ń dín kù. Ṣùgbọ́n ọjọ́ iṣẹ́ ni wọ́n dẹ̀. Ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ṣì dúró sí ibi tó wà. Àní ọ̀rọ̀ náà tún le sí i fún ẹni tí kò ní alábàárò, nítorí òun ló máa rí ẹ̀wù lásán lọ́rùn òṣìṣẹ́ báńkì, tó sì máa gbà pé bẹ́ẹ̀ náà ni òun ṣe lè wá. Òfin yìí kò sì ṣàjèjì sí wa. Bank of British West Africa, tó di First Bank lónìí, bẹ̀rẹ̀ ní 1894, wọ́n sì ń tẹ̀ lé àṣà aṣọ akọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó. Ọdún yẹn náà ni pásítọ̀ David Brown Vincent sọ ara rẹ̀ di Mojola Agbebi, ó sì kọ aṣọ òyìnbó sílẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún ìgboyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọ tirẹ̀ ló ń darí. Kò dúró níwájú ọ̀gá báńkì tó fẹ́ pinnu oúnjẹ rẹ̀. Kò tọ́ ká gbé ẹrù ìjà yẹn ka orí ọmọ tó ń wá iṣẹ́ àkọ́kọ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ̀rọ̀ wáni lẹ́nu wò ní báńkì, ilé ẹjọ́ tàbí iléeṣẹ́ ìṣirò owó, ẹ wọ Oxford dúdú tí kò ní ihò ọ̀ṣọ́ sábẹ́ kóòtù búlúù tàbí aláwọ̀ eérú. Kí bẹ́líìtì dúdú bí bàtà, kí ìbọ̀sẹ̀ gùn débi tí awọ ẹsẹ̀ kò fi ní hàn bí ẹ bá jókòó. Ẹ kun ẹ̀yìn gìgísẹ̀ náà. Bí owó kò bá tó tuntun, bàtà òkìrìkà tí awọ rẹ̀ dára, tí ẹni tó ń ṣe bàtà bá pààrọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀, sàn ju tuntun tí ń ṣí láàárín oṣù kan. Ọ̀rọ̀ tó kù, ẹ̀yin ọ̀gá iléeṣẹ́ ni mo ń bá sọ ọ́. Bó bá jẹ́ pé bàtà dúdú lẹ fẹ́, ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà tí ẹ fi ń pe àwọn ọmọ náà, kí gbogbo wọn kà á bákan náà. Bí ojú bá sì ń tì yín láti kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má ṣe fi dájọ́ fún ẹnikẹ́ni.