Ọ̀rá Ara Ọta àti Ọ̀tẹ̀ Ilẹ̀ Íńdíà ní 1857

Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́. Ọ̀rọ̀ kan lórí ọ̀rá tí a fi ń ra ọta ìbọn fọ́ ní ilẹ̀ Íńdíà ní ọdún 1857, kò sì ṣeé kó jọ mọ́.

Ní ọdún 1853 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ìbọn tuntun kan tí à ń pè ní Enfield. A gbẹ́ ilà tí ó lọ́ sínú ọ̀pá rẹ̀, kí ọta lè máa pòòyì bí ó ti ń jáde, kí ó sì lọ tààrà síbi tí a fojú sùn. Ẹnu ọ̀pá ni a ti ń ki ìbọn yìí. Nígbàkigbà tí ó bá sì dún, ẹ̀tù dúdú a fi èérí líle sílẹ̀ sínú rẹ̀. Bí èérí bá dí àwọn ilà náà, àtikì ọta a di iṣẹ́ agbára, ọta náà a sì máa ṣìnà. Nítorí èyí ni a ṣe ń fi ọ̀rá àti ìda ra ìdí ìwé tí a di ẹ̀tù àti ọta sí. Ọ̀rá a mú èérí rọ̀, a sì mú ọta yọ̀ wọlé. Ọmọ ogun a fi eyín já ìwé náà, a da ẹ̀tù sínú ọ̀pá, a sì ti ọta tẹ̀ lé e.

Níbi eyín yìí ni ọ̀ràn wà. Ẹlẹ́sìn Híńdù àti Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ogun tí East India Company ní ní Bengal. Híńdù bọ̀wọ̀ fún màlúù. Ẹlẹ́dẹ̀ sì jẹ́ èèwọ̀ fún Mùsùlùmí. Ìtàn sọ pé ní oṣù kìn-ín-ní 1857, ní Dum Dum nítòsí Calcutta, òṣìṣẹ́ kan tí ìran rẹ̀ rẹlẹ̀ tọrọ omi lọ́wọ́ ọmọ ogun kan. Èyí kọ̀, kí ohun èlò rẹ̀ má baà di aláìmọ́. Òṣìṣẹ́ náà fi í ṣẹ̀sín pé láìpẹ́ ni yóò máa fi eyín já ọ̀rá màlúù àti ti ẹlẹ́dẹ̀.

Àwọn ọ̀gágun yọ̀ǹda pé kí ọmọ ogun máa po ọ̀rá tiwọn. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n máa fi ọwọ́ ya ìwé náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ìwé pàápàá ti di ohun ìfura. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹrin, ní Meerut, ọmọ ogun 85 nínú 90 kọ̀ láti gba ọta, bẹ́ẹ̀ irú èyí tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀ ni. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún, a fi ṣẹkẹṣẹkẹ dè wọ́n lójú àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀tẹ̀ bẹ́. Nígbà tí ó sì di ọjọ́ kọkànlá, wọ́n ti wọ Delhi. Ní 1858, a gba ìṣàkóso Íńdíà lọ́wọ́ Company, ó bọ́ sábẹ́ Ọbabìnrin Victoria.

Kì í ṣe ọ̀rá nìkan ló fa ogun náà. Company ti gba ilẹ̀ Awadh ní 1856. Ọdún náà ni wọ́n sì ṣòfin pé ọmọ ogun tuntun gbọ́dọ̀ gbà láti kọjá òkun bí a bá rán an. Igi gbígbẹ ti wà nílẹ̀. Ọ̀rá ni iná tí a sọ sí i.

Ní 1857 kan náà, ní Amẹ́ríkà, Smith & Wesson bẹ̀rẹ̀ sí ta ìbọn kékeré tí ọta àti ẹ̀tù rẹ̀ wà nínú agolo bàbà; kò sí ohun tí a ń fi eyín já mọ́. Títí di òní, ọta òjé tí ó jẹ́ àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ ṣì ń gba ọ̀rá tàbí ìda sára. Àwọn atamátàsé sì mọ̀ pé bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ọ̀pá ìbọn mọ́, ọta mélòó kan àkọ́kọ́ lè ṣìnà, kí ọ̀rá tó tún kárí inú rẹ̀.

Àwọn ọ̀gágun mọ ohun tí ọ̀rá ń ṣe fún ìbọn. Wọn kò bi ẹni tí yóò fi í sẹ́nu léèrè. Ó yẹ kí olùkọ́ tí ń kọ́ ọmọ onírúurú ẹ̀yà àti ẹ̀sìn nínú iyàrá kan náà rántí èyí.