Ẹ̀rí Kò Tán Sójú Fọ́tò: Àwòrán Àtijọ́ Pólándì àti Àwọn Tó Pa Wọ́n Mọ́

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 1861, àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà yìnbọn lu èrò tó ń wọ́de lójú pópó Krakowskie Przedmieście ní Warsaw. Èèyàn márùn-ún kú. Wọ́n gbé òkú wọn lọ sí Hotel Europejski. Karol Beyer, onífọ́tò tó lórúkọ jù nílùú náà, ya òkú kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n ṣí aṣọ láyà wọn kí ojú ọta ìbọn lè hàn gbangba. Lẹ́yìn náà ni wọ́n to àwọn márààrún pọ̀ sórí páálí kékeré kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, irú èyí tí èèyàn lè fi sáàárín ìwé àdúrà kí ọlọ́pàá má fura.

Pólándì kò sí lórí máàpù nígbà náà. Rọ́ṣíà, Prọ́ṣíà àti Ọ́stríà ti pín ilẹ̀ rẹ̀ láàárín ara wọn lẹ́ẹ̀mẹta, ní 1772, 1793 àti 1795, kò sì padà dòmìnira títí di 1918. Àwọn èèyàn tí kò ní ìjọba tiwọn, tí àwọn aláṣẹ ń ka ìwé ìròyìn wọn kó tó jáde, rí ohun tí wọ́n lè fi sọ̀rọ̀ láìlanu nínú páálí yẹn. Ó tàn kálẹ̀. Àwọn obìnrin wọ aṣọ dúdú láti ṣọ̀fọ̀ àwọn tí wọn ò bá tan, wọ́n sì tún lọ ya fọ́tò nínú aṣọ náà, pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ dúdú tí wọ́n ṣe bí àgbélébùú, bí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, bí adé ẹ̀gún. Ní ti Beyer, ìjọba Rọ́ṣíà kò jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n mú un, wọ́n sì lé e lọ sí ìgbèkùn.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ń jà fún kò díjú. Fọ́tò àtijọ́ Pólándì kì í ṣe ẹ̀rí nítorí pé kámẹ́rà kì í parọ́. Kámẹ́rà ń parọ́ dáadáa. Ohun tó ń sọ ọ́ di ẹ̀rí ni ohun tí ojú rẹ̀ rí lẹ́yìn tí wọ́n yà á tán: ta ló yà á, ta ló dà á kọ, ta ló rì í mọ́lẹ̀, ta ló kọ̀ láti sun ún nígbà tí wọ́n pàṣẹ pé kó sun ún. Ẹni tó bá pín irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ fún aráyé láìsọ ọ̀nà tó gbà dé ọwọ́ òun ti já ìtàn náà sí méjì, ìdajì tó sì ṣe pàtàkì jù ló bọ́ nù.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nítorí pé fọ́tò Pólándì kò tíì rọrùn rí tó báyìí. Narodowe Archiwum Cyfrowe, ilé ìpamọ́ ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2008, ti kó ọ̀pọ̀ yanturu àwòrán sórí íntánẹ́ẹ̀tì, pàápàá èyí tí Ilustrowany Kuryer Codzienny, ìwé ìròyìn ńlá kan ní Kraków, fi sílẹ̀ ṣáájú ogun. Níbẹ̀ ni èèyàn ti ń rí Ọjọ́ Ajé Àjíǹde àwọn ọdún 1930, tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin abúlé ń da omi korobá lé àwọn ọmọbìnrin lórí, àṣà tí wọ́n ń pè ní śmigus-dyngus. Ẹ̀rín pọ̀ nínú wọn, omi ń tàn nínú oòrùn. Ó dùn ún wò, kò sì sí ohun tó burú nínú kí èèyàn gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n oníròyìn tó fẹ́ kí ìwé òun tà ló yan àwọn ọjọ́ wọ̀nyí. Ẹni tó bá fi irú àwọn fọ́tò bẹ́ẹ̀ nìkan mọ abúlé Pólándì, ojú ọdún ni yóò mọ̀. Àwọn àgbẹ̀ tó daṣẹ́ sílẹ̀ ní 1937, tí ọlọ́pàá sì pa ju ogójì lọ nínú wọn, kò ní wá sí i lọ́kàn.

Èyí tó wúwo jù ni fọ́tò ọmọkùnrin kékeré kan ní Warsaw ní 1943. Fìlà wà lórí rẹ̀, kóòtù rẹ̀ kò dé orúnkún, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ọmọ ogun Jámánì kan sì gbé ìbọn dání lẹ́yìn rẹ̀. Bóyá ni àwòrán kan wà láti Pólándì tí aráyé mọ̀ ju èyí lọ, wọ́n sì máa ń gbé e jáde bí ẹni pé olùbánikẹ́dùn ló yà á. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Inú ìròyìn tí Jürgen Stroop, ọ̀gá SS, ṣe láti fi yangàn fún àwọn tó wà lókè rẹ̀ ni fọ́tò náà ti wá, ìròyìn tó ń sọ pé kò sí àdúgbò Júù mọ́ ní Warsaw. Àwọn tó ń pa wọ́n ló yà wọ́n. Òótọ́ ni pé ìwé náà padà di ẹ̀rí lòdì sí ìjọba Hitler ní Nuremberg, tí wọ́n sì so Stroop rọ̀ ní Warsaw ní 1952. Síbẹ̀ ojú apani la ṣì fi ń wo ọmọ náà, kò sì sí ẹni tó lè fi gbogbo ẹnu sọ orúkọ rẹ̀ títí dòní.

Ojú mìíràn wà níbẹ̀ ní àkókò kan náà. Zbigniew Leszek Grzywaczewski, ọ̀dọ́mọkùnrin panápaná ọmọ Warsaw, wà lára àwọn tí àwọn ará Jámánì kó wọ àdúgbò Júù tó ń jó kí iná má bàa ràn dé àwọn ilé tó wà lẹ́yìn odi. Ó mú kámẹ́rà wọlé. Àwọn fọ́tò rẹ̀ nìkan ni a mọ̀ nínú ìjà tí àwọn Júù bá ará Jámánì jà níbẹ̀ tí kì í ṣe ọwọ́ ará Jámánì ló yà wọ́n. Wọn ò dára tó ti Stroop: òmíràn ṣókùnkùn, èjìká ẹnì kan tàbí etí fèrèsé dí òmíràn lójú. Ẹni tó ń fara pamọ́ yàwòrán ni, ìfarapamọ́ náà sì wà nínú àwòrán. Wọ́n ti mọ díẹ̀ lára àwọn fọ́tò náà tipẹ́, ṣùgbọ́n fíìmù náà gan-an jókòó láàárín ẹrù ìdílé rẹ̀ fún nǹkan bí ọgọ́rin ọdún kí ọmọ rẹ̀ tó rí i, kí POLIN, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìtàn àwọn Júù Pólándì, tó kéde rẹ̀ ní oṣù Kìíní 2023.

Àwọn kan gbà pé fọ́tò tó bá dára kò nílò àlàyé, pé àlàyé a máa dín agbára rẹ̀ kù. Kí irú wọn wo fọ́tò Czesława Kwoka. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, ọmọ abúlé ní agbègbè Zamość, wọ́n kó o dé Auschwitz ní oṣù Kejìlá 1942, ó sì kú ní oṣù Kẹta 1943. Fọ́tò mẹ́ta ni wọ́n yà á bí wọ́n ti ń ṣe fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n: ẹ̀gbẹ́, iwájú, àti èyí tó wé aṣọ mọ́rí. Ẹni tó bá wò ó dáadáa yóò rí i pé ètè ọmọ náà bó. Àwòrán kò lè sọ ìdí rẹ̀. Wilhelm Brasse tó yà á ló sọ ọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún: ọmọ náà kò gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń pè é, obìnrin tó ń ṣọ́ wọn bá fi igi gbá a lójú, ó sunkún, ó nu omijé àti ẹ̀jẹ̀ ètè rẹ̀ nù, ó wá jókòó síwájú kámẹ́rà.

Ẹlẹ́wọ̀n ni Brasse fúnra rẹ̀, nọ́ńbà 3444. Ọmọ Żywiec ni, ó kọ́ṣẹ́ fọ́tò ní Katowice, ó kọ̀ láti wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun Jámánì, wọ́n sì mú un níbi tó ti ń sá lọ sí Hungary ní 1940. Ní oṣù Kìíní 1945, bí ọmọ ogun Rọ́ṣíà ṣe ń sún mọ́lé, ọ̀gá rẹ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n sun gbogbo fọ́tò. Brasse àti ẹnì kejì rẹ̀, Bronisław Jureczek, kọ́kọ́ ki bébà tútù sínú ààrò, wọ́n wá rọ́ àwọn àwòrán lé e lórí gbagidi kí iná má lè mí. Nígbà tí ọ̀gá jáde, wọ́n kó wọn jáde padà. Fọ́tò 38,916 ló kù títí dòní nítorí ọgbọ́n yẹn. Brasse kò lè ṣiṣẹ́ fọ́tò mọ́ lẹ́yìn ogun. Bó bá ti gbé kámẹ́rà, àwọn òkú ló ń rí. Ó yẹ kí ẹni tó bá ń gbé ojú Czesława Kwoka kiri máa gbé ìtàn ààrò yẹn pẹ̀lú rẹ̀, torí pé láìsí i, fọ́tò ìwé ẹ̀rí àwọn òǹrorò lásán ló kù lọ́wọ́ wa.

Irú ìpamọ́ bẹ́ẹ̀ ló gba àwọn àwòrán ìjà ìgboro Warsaw lòdì sí àwọn ará Jámánì là, ọjọ́ 63 láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ 1944. Sylwester Braun, tó ya fọ́tò olókìkí ti bọ́ǹbù tó bú gbàù lára ilé gogoro Prudential, ki fíìmù rẹ̀ sínú ìgò, ó rì wọ́n mọ́lẹ̀, ó sì padà wá hú wọn nígbà tí ìlú ti di àlàpà. Eugeniusz Lokajski, tó ju ọ̀kọ̀ fún Pólándì ní ìdíje Olympics Berlin 1936, kò rí ẹ̀yìn ogun. Ilé wó lù ú ní oṣù Kẹsàn-án. Arábìnrin rẹ̀ ló tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀.

Ọmọ Èkó kan sọ pé òun náà wà nínú ìjà yẹn. August Agboola Browne, tí wọ́n bí ní 1895, ń lu ìlù jazz ní àwọn ilé ijó Warsaw kí ogun tó dé. Nínú fọ́ọ̀mù tó kọ ní 1949 láti wọ ẹgbẹ́ àwọn tó jagun, ó ní òun jà ní 1944, orúkọ ìjà òun sì ni Ali. Fọ́ọ̀mù náà wà nínú fáìlì fún ọgọ́ta ọdún kí òṣìṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjà Warsaw kan tó rí i ní 2009. Ní 2019 wọ́n gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ fún un nílùú náà. Ìwé ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, kì í ṣe lẹ́ńsì àwọn tó ń ya ìjà náà. Bó ti wù kí àkójọ fọ́tò kan kún tó, ẹni tí kámẹ́rà kò kọjú sí ṣì wà níbẹ̀.

Ó jọ pé ìdí tí Zofia Rydet, obìnrin onífọ́tò kan, fi gbé kámẹ́rà rẹ̀ ní 1978 nìyẹn. Ẹni ọdún 67 ni nígbà náà. Iṣẹ́ tó pè ní Zapis socjologiczny ni pé kó ya àwọn èèyàn nínú ilé wọn, abúlé dé abúlé, kí irú ayé yẹn tó kásẹ̀ ńlẹ̀. Á kan ilẹ̀kùn ẹni tí kò mọ̀ rí, á kí wọn, á yin nǹkan kan nínú yàrá, á wá ní kí onílé jókòó sí iwájú ògiri. Lẹ́ńsì tó ń gba ibi gbígbòòrò ló ń lò, ó sì ń tan iná kámẹ́rà, nítorí náà kò sí ohun tó bọ́ lọ. Ìyàwó àti ọkọ á jókòó ganganran, ọwọ́ lórí orúnkún, wọn ò ní rẹ́rìn-ín. Lókè orí wọn ni àwòrán Màríà àti Jésù, fọ́tò ìgbéyàwó tí ayàwòrán fi ọ̀dà kùn títí tí ìyàwó fi dà bí ẹni mímọ́, àti láti ọdún yẹn lọ, ojú Karol Wojtyła tó di Póòpù. Rédíò wà níbẹ̀, aṣọ tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ wà lórí tábìlì, nígbà mìíràn tẹlifíṣọ̀n náà á jókòó bí ọmọ ilé. Fọ́tò ń bẹ nínú fọ́tò: ìdílé ti pa ìtàn ara wọn mọ́ sára ògiri kí Rydet tó dé, òun kàn wá jẹ́rìí sí i ni. Ó ya nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún kó tó dáwọ́ dúró ní nǹkan bí 1990. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni kò tẹ̀ jáde rárá nígbà ayé rẹ̀. Ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ní 1997 ni wọ́n kó o sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní agbègbè àti ní abúlé, ètò yìí sì ló jẹ́ kó níye lórí. Bí wọ́n bá tú u ká, arúgbó ẹlẹ́wà kan níbí, ògiri aláràbarà kan lọ́hùn-ún, ohun tí Rydet ṣe ti bà jẹ́.

Ní Lublin, ọ̀ràn náà dojú kọ òdì kejì. Ní 2012, àwọn tó ń tún ilé kan ṣe ní Rynek 4, ní àárín ìlú àtijọ́, bá àwòrán 2,700 lórí gíláàsì nínú àjà, àwọn tí wọ́n yà láàárín ogun àgbáyé méjèèjì. Àwọn olùwádìí gbà pé Abram Zylberberg ló yà wọ́n. Júù àti Kátólíìkì ló wà nínú wọn, ìyàwó tuntun, ọmọ ogun, ọmọ ilé-ìwé, ìkókó lórí ìrọ̀rí, ọ̀pọ̀ jù lọ láìlórúkọ. Ilé-iṣẹ́ Brama Grodzka – Teatr NN ló ń tọ́jú wọn. Ilé-iṣẹ́ kan náà ní fáìlì 43,000 lórí pẹpẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún Júù kọ̀ọ̀kan tó ń gbé Lublin ṣáájú ogun. Àwọn ará Jámánì pa ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, pàápàá ní Bełżec láti oṣù Kẹta 1942. Nínú fáìlì púpọ̀, orúkọ àti àdírẹ́sì nìkan ló wà.

Nítorí náà, inú ilé kan ṣoṣo ni ojú tí kò ní orúkọ wà pẹ̀lú orúkọ tí kò ní ojú, iṣẹ́ olùwádìí sì ni láti mú wọn pàdé. Pínpín àwọn fọ́tò yẹn káàkiri ń ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́ nígbà tí ẹni tó pín in bá kọ Rynek 4, Lublin, sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹbí tó wà ní Ísírẹ́lì tàbí Amẹ́ríkà lè mọ ibi tó yẹ kí wọ́n kọ̀wé sí. Báàjì kékeré lápá aṣọ ọmọ ilé-ìwé ń gbé nọ́ńbà ilé-ìwé rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn nìkan lè mú olùwádìí dé ìwé orúkọ kíláàsì kan, bí ẹni tó tún fọ́tò náà gbé jáde kò bá ti gé apá aṣọ kúrò kí ojú ọmọ náà lè kún àwòrán.