Ta Ló Sọ Ẹja Yìí Di Oníjà?

Ìtàn ẹja la fẹ́ sọ lónìí, àṣìṣe tèmi ló sì bí i.

Mo ra ẹja betta méjì, akọ ni àwọn méjèèjì, ọ̀kan pupa, ọ̀kan búlúù. Inú ike kékeré ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹni tó tà wọ́n fún mi kó wọn sí. N kò bi í pé kí ló dé. Nígbà tí mo délé, mo da àwọn méjèèjì sínú àpótí gíláàsì kan ṣoṣo, mo lọ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, búlúù ti kú, ìrù pupa sì ti ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan. N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kan ẹja.

Ìyẹn ló mú mi lọ wá ìtàn wọn. Thailand, tí wọ́n ń pè ní Siam láyé àtijọ́, ni ẹja yìí ti wá. Inú omi tí kò jìn ló ń gbé, títí kan oko ìrẹsì. Pla kat ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ìyẹn ẹja tó ń gé ni jẹ. Àwọn ará Siam a máa fi wọ́n jà, wọ́n a sì máa ta tẹ́tẹ́ lé e. Ààfin ọba pàápàá ń gbowó ìwé àṣẹ lórí rẹ̀. Theodore Cantor, dókítà ọmọ Denmark, kọ̀wé nípa wọn ní 1849. Ní 1909, Charles Tate Regan rí i pé ẹja mìíràn ló ni orúkọ tí Cantor lò, ló bá sọ èyí ní Betta splendens.

Ẹ gbọ́ ibi tó dùn mí jù. Nínú àbàtà tí wọ́n ti wá, wọn kì í sábà jà dójú ikú. Akọ ló ń fi ẹnu fẹ́ èéhó jọ sójú omi, ibẹ̀ ló ń kó ẹyin sí, òun náà ló ń ṣọ́ wọn. Bí akọ mìíràn bá yọjú, yóò na ìrù bí abẹ̀bẹ̀, yóò halẹ̀. Bó bá di ìjà, èyí tí agbára rẹ̀ kò tó á sá lọ, ọ̀rọ̀ parí. Àwọn atatẹ́tẹ́ ló ń ṣa àwọn tí kì í sá, tí wọ́n ń mú wọn bímọ láti ìran dé ìran. Ọmọ àwọn yẹn ló kún ọjà lónìí. Àpótí tèmi kò sì ní ibi tí búlúù lè sá sí.

Àwọn tó ń sin wọ́n ní Thailand kúkú mọ bí a ṣe ń pẹ̀tù sí i: ìgò kan fún ẹja kan, páálí láàárín ìgò sí ìgò. Ojú ló ń dá ìjà náà sílẹ̀. Nínú ìwádìí tí Lissmann gbé jáde ní 1932, ère ẹja lásán tó láti mú akọ bínú. Kódà, bí ẹ bá gbé dígí síwájú rẹ̀, yóò halẹ̀ mọ́ ara rẹ̀.

Ní 2019, ìjọba Thailand sọ ọ́ di ẹja orílẹ̀-èdè wọn. Pupa tèmi ṣì wà láàyè, òun nìkan, ewéko inú omi yí i ká.

Bí ẹ bá fẹ́ ra tiyín, ẹ bi ẹni tó ń tà wọ́n pé kí ló dé tó fi yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìbéèrè tí n kò bi nìyẹn.